Má Ka “A Dúpẹ́” Mọ́ Ìdáhùn

Mọ́dínà, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí o má baà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí o máa fi dá mi lóhùn. Ràṣídì ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù kí òun fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ìyá Wàsíù tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní kí n má kọ ọ́ rárá, pé ọmọ tó ti di ọ̀gá kì í fẹ́ kí wọ́n máa bá òun wí. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, mo sì lọ sí kíláàsì àwọn àgbà fún ọdún méjì lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú. Ọwọ́ mi wúwo, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni. Ibi tí lẹ́tà bá ti wọ́, rọra kà á.

Sọ́ńdè tó kọjá lo wá, o gbé fáìlì iṣẹ́ rẹ tuntun lé orí tábìlì mi. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ọmọ Làmídì tó ń yọ́ òjé ní Pápá Àjàó ló di ọ̀gá àwọn tó ń ṣèwádìí ní ọ́fíìsì ní Yábàá. O ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́, àdúgbò wa níbí ni. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òjé tí wọ́n ń yọ́ nínú bátìrì ọkọ̀ ń ṣe àwọn ọmọdé ní jàǹbá. Bí ẹ bá rí i pé ó ń ṣe wọ́n, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò, wọ́n á sì wa ilẹ̀ dúdú tí òjé ti bàjẹ́ yẹn kúrò. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan, ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́, wọn ò ní padà síbí mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo bi ọ́ pé, “Ilé mélòó lẹ máa dé?”

“Ogójì, Màmá.”

“Èwo àti èwo?”

“Èyí tá a bá ti bá èèyàn nílé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ làwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di aago méjì, wọ́n ti parí.”

“Kí lẹ máa kọ́kọ́ bi wọ́n?”

O ṣí ìwé náà, o kà á sí mi létí: “Ṣé ara yín le? Ṣé ara àwọn ọmọ le?”

Mo rẹ́rìn-ín. O bínú. O ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo lọ yunifásítì o. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi.” O kó fáìlì rẹ, o ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀wà tí mo bù fún ọ.

Mọ́dínà, kì í ṣe ìwọ ni mo ń rín. Ohun tó pa bàbá rẹ ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ.

Láti kékeré rẹ ni mo ti ń sọ fún ọ pé inú rírun ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ẹ̀yìn ilé yìí gan-an ni bàbá rẹ ti ń yọ́ òjé. Á fọ́ bátìrì, á da omi tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, á kó irin inú rẹ̀ sínú agbada, á sì dáná sí i títí yóò fi ṣàn. Àwọn apẹja ló ń wá láti Ìjọra wá ra èyí tó bá dà sí kéékèèké, kí àwọ̀n wọn lè rì. Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa ni, mi ò sì tijú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún kẹfà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Á na apá, ọwọ́ á sì já sílẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ bíi ti ẹni tó ń sùn. Ó ní, “Àṣàbí, mo rò pé iṣẹ́ yìí ni.” Èmi ni mo ní kó dúró kí n lọ ṣèwádìí. Ìwádìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ ṣe é nínú ilé yìí.

Mo pọ̀n ọ́, mo lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé láti ibí títí dé ojú irin. Ọkùnrin méjìlá ni mo bá nídìí iná. Mo kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe yẹ kí ìyàwó ilé kí wọn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ara le?”

“A dúpẹ́ o, ìyàwó Làmídì.”

“Ṣé iṣẹ́ yìí ò ń ṣe yín ní nǹkan kan ṣá?”

“Rárá o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Lọ se oúnjẹ tó dáa fún ọkọ rẹ, ebi ló ń ṣe é.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo mú èédú, mo fa ìlà méjìlá sára páálí. Méjìlá nínú méjìlá, ara wọn le. Mo gbé páálí náà délé, mo nà án sí bàbá rẹ lójú. Mo ní, “Ẹ wò ó. Ọ̀lẹ lásán ni yín, Bàbá Ràṣídì.”

Ó dìde, ó padà sídìí iná. O ò tíì lè dá rìn nígbà tó kú.

Lọ́jọ́ kẹjọ rẹ̀, Sùlè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Òun àti bàbá rẹ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, òun ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ láti gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti rọ.

Mo ní, “Bọ̀dá Sùlè, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?”

“Òjé ni. A pọ̀ nílé o, ìyàwó wa. Ẹni tí kò bá ti lè gbé agbada mọ́, ilé ló ń lọ. Wọn ò sọ fún ọ?”

“Mo bi wọ́n, sà. Gbogbo wọn ni mo bi.”

Ó ní, “Àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lo bi?”

Ìyẹn ni gbogbo ohun tó sọ. Mi ò tíì bọ́ nínú rẹ̀ dòní.

Ó yá, gbọ́ tèmi. Mi ò mọ orúkọ tí ìwé rẹ ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe féèyàn.

Àkọ́kọ́: yọ “Ṣé ara yín le” kúrò nínú ìwé yẹn. Ìkíni ni. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, tó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, bí o bá bi í bẹ́ẹ̀, a dúpẹ́ ló máa wí. Ilé la ti kọ́ wọn, ẹni tó bá dáhùn lọ́nà mìíràn, ẹlẹ́nu ẹ̀gbin ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọkùnrin méjìlá yẹn kò purọ́ fún mi. Èmi ni mo kí wọn tí mo sì lọ fa ìlà. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ kí wọn dáadáa, kí wọ́n gbọ́ a dúpẹ́ wọn, kí wọ́n má kọ nǹkan kan sílẹ̀ o. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó wá bi wọ́n ní ohun tí èèyàn lè kà. Látìgbà tí oṣù yìí ti lé, ẹ̀ẹ̀melòó lọmọ yìí ti ní inú ń run òun? Ìgbà wo ló gbẹ̀yìn ya ìgbẹ́? Kíláàsì wo ló wà, ẹ̀ẹ̀melòó ló sì ti tún un ṣe? Kí wọ́n ní kí àgbàlagbà na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó.

Kí wọ́n má sì bi obìnrin níṣojú àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Èkejì: wá àwọn tó ti lọ. Ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ibi tó lọ, àti ohun tó gbé e lọ. Nínú ilé wa nìkan, mo mọ èèyàn méjì tó ti gbé ọmọ wọn lọ fún ìyá wọn nílé, torí ọmọ náà kàn ń rù ṣáá, ó sì ń gbàgbé nǹkan. Bí ẹ bá ka kìkì àwọn ọmọ tó wà lójú títì ní aago mẹ́wàá, àwọn tó ń sáré lẹ máa kà.

Aago mẹ́wàá náà tún ni mo fẹ́ sọ. Ta lo rò pé o máa bá nílé? Lándílọ́ọ̀dù tó gbé àga síta, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tí wọ́n ń gbé Sùúrùlérè. Ìyàwó ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Èmi. Ará iwájú ni gbogbo wa. Àwọn obìnrin tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, àwọn tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Sábó, wọ́n á ti kí ìrun Mọ̀gàríbì kí wọ́n tó dé. Àwọn ọmọ wọn ló ń fi ilẹ̀ dúdú yẹn ṣeré. Ogójì ará iwájú tí ẹ fẹ́ bi, bí ẹ bá sọ ọ́ di irínwó, iwájú náà ṣì ni.

Nígbà tí mo lọ sọ́sípítù lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ gún mi níka, ó gba ẹ̀jẹ̀ bíńtín, ó ní ó ti tó òun. Mo ní, “Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ìka lẹ gún.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ náà ló yí dé ọwọ́.” Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n àdúgbò wa kì í yí bí ẹ̀jẹ̀, Mọ́dínà. Ẹ̀yìn kì í ṣàn wá síwájú. Bó o bá fẹ́ mú díẹ̀ kó sọ ti gbogbo wa fún ọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa pò ó pọ̀.

Bí o ṣe máa pò ó nìyí. Má kọ nọ́ńbà ilé, yàrá ni kí o kọ. Ilé wa ní yàrá mẹ́rìndínlógún, lándílọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni yóò sì gbẹnu sọ fún gbogbo wa bí o bá fi ilé ṣe é. Kọ yàrá kọ̀ọ̀kan sí ìwé péńpé, gígùn kan náà, kíká kan náà. Dà wọ́n sínú ike, gbọ̀n ọ́n, kí ẹnì kan dijú kó máa mú un. Mo ń sọ ti kíká yẹn torí mo ti ṣe èyí tí kò dáa rí. Nígbà tí a ń mú ìwé láti mọ ẹni tó máa fọ balùwẹ̀ ilé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni mo máa ń ká ìwé. Mo máa ń tẹ etí ìwé tèmi díẹ̀, kí ìka mi lè mọ̀ ọ́n bí mo bá ń mú ìwé. Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi fọ balùwẹ̀. Nígbà tí Ìyá Wàsíù mú mi, ó ní, “Àṣé ìka ẹ ló lójú!” Orúkọ tó fún mi fún ọdún kan gbáko nìyẹn, Ìka-lójú. Torí náà, kì í ṣe ẹni tó bá máa jàǹfààní rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ká ìwé. Ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì tó fẹ́ kí ẹ tètè parí, má jẹ́ kó sún mọ́ ike yẹn.

Bí ìwé bá sì ti mú yàrá kan, yàrá yẹn náà ni. Kí wọ́n má lọ mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ torí pé ó ṣí sílẹ̀. Kí wọ́n padà lálẹ́, kí wọ́n padà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bí wọ́n bá padà lẹ́ẹ̀mẹta tí ó ṣì tì, kí wọ́n kọ ọ́ pé ó tì. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi àbá kún un. Ìwọ á wá ka iye tó tì, wàá sì sọ ọ́ síta, kódà bí ó bá dójú tì ọ́.

Ọ̀kan tún kù tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kọ. Nígbà tí inú rírun bàbá rẹ le, ìyá rẹ̀ fi àgbo ránṣẹ́ láti ilé, ó ní kó jókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó máa mu ún. Ó mu ún, ara rẹ̀ sì yá díẹ̀. Inú mi dùn, mo pariwo àgbo yẹn káàkiri àdúgbò. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, inú tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún fún un ní àgbo, mo fi kún un, ó ń mu ún nídìí iná, ara rẹ̀ ń bàjẹ́ sí i. Ó pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí n tó rò ó wò. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, nǹkan méjì ló ṣe: ó mu àgbo, kò sì yọ́ òjé. Èmi rí èyí tó wà nínú ìgò, mi ò rí iná tó kú. Ká ní mo ní kó jókòó láìmu nǹkan kan, tàbí kó mu ún kó sì máa ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ǹ bá ti mọ̀ nígbà tí ó ṣì wúlò.

Torí náà, ẹni tí o bá fẹ́ fi wé àwọn ọmọ wa, ṣọ́ra fún un. Má lọ kó àwọn ọmọ ilé ńlá Sùúrùlérè wá. Wọ́n ń jẹ ẹyin láràárọ̀, wọ́n ń gba lẹ́sìnnì, bí orí wọn bá pé ju ti àwọn ọmọ wa lọ, ta ló máa mọ̀ bóyá òjé ni àbí ẹyin? Wá àwọn ọmọ tó ń jẹ ohun tí tiwa ń jẹ, tí èèyàn mẹ́fà ń sùn ní yàrá kan bíi tiwa, ọjọ́ orí kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò sì yọ́ òjé lẹ́yìn ilé wọn rí. Wọ́n wà ní Muṣin níbí, bí ẹ bá rìn díẹ̀.

Ràṣídì ẹ̀gbọ́n rẹ, ilẹ̀ yẹn ló fi ṣeré títí ó fi pé ọmọ ọdún méje. Ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí. Mo nà án. Mo nà án fún ABD, mo nà án fún ìṣirò, mo ní olódo ni, mo sọ ọ́ níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti ju ogójì ọdún lọ báyìí, ó ṣì ń bi mí bóyá ṣéńjì tí wọ́n fún òun pé. Mi ò mọ̀ bóyá òjé ló ṣe é, mi ò mọ̀ bóyá bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo kò lè sọ ìyẹn fún mi. Mo ti wò ó, wò ó, kò sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ yìí lè sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbé pankẹ́rẹ́.

Wàyí o, ìdí tí mo fi ní kí o má bi obìnrin níṣojú èèyàn. O rántí ọdún tí o fẹ́ jáde ní yunifásítì? O wá síbí pẹ̀lú ìwé ìbéèrè nípa èéfín àti àìsàn inú ilé. Obìnrin mọ́kàndínlógún lo bi. Ẹni mẹ́ta jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì nígbà tó kàn mí. O ní, “Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣàìsàn nítorí iṣẹ́ òjé nínú ilé yín?” Mo wo ojú àwọn èèyàn. Mo ní, “Rárá o, a dúpẹ́.”

Ọmọ Làmídì ló ń bi mí nípa Làmídì. Ohun tí mo sì sọ nìyẹn, torí mi ò fẹ́ kí Ìyá Wàsíù àti àwọn yòókù gbọ́ pé mo pe ọkọ mi ní ọ̀lẹ kó tó kú. O kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé rẹ ní yunifásítì títí di bí mo ṣe ń wí yìí, irọ́ mi. Lọ pa á rẹ́ bí wọ́n bá gbà fún ọ. Bí wọn ò bá gbà, wá tún mi bi. Ìwọ nìkan ni kí o wá o. Màá sọ ọ́.

Èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe ìmọ̀ràn. Lọ́jọ́ yẹn, o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o sọ fún àwa mọ́kàndínlógún pé, “Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ìyá mi. Màá padà wá sọ ohun tí mo rí fún yín.” Àwọn obìnrin yìí pa iṣẹ́ wọn tì nínú oòrùn nítorí rẹ. O gba èsì, o gba ìwé ẹ̀rí, o ò padà wá. Ẹni mẹ́fà nínú wọn ti kú. Ojú Ìyá Wàsíù ti lọ báyìí, gbogbo Iléyá ló sì máa ń bi mí pé, “Mọ́dínà ò tíì sọ nǹkan kan?” Mo máa ń ní iṣẹ́ pọ̀ fún ọ. Mi ò ní pa irọ́ yẹn nítorí rẹ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ tó kan ilẹ̀kùn kan ní Pápá Àjàó, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ́kọ́ wá. Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bẹ́ǹṣì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àwa mẹ́tàlá tó kù á jókòó.

Èmi Àṣàbí, ìyá rẹ, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. O jẹ wá ní ìdáhùn. Wá san án.